Kí ló dé tí Teton fi ń dá ìbò tiẹ̀ dì nínú gbogbo Wyoming?

Àkàndé Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará òkè òkun àti ẹ̀yin tí a jọ wà nílé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Wọ́n mú iná wá fúngbà díẹ̀, mo bá jókòó ti fóònù, mo ń wo máàpù ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ti 2024, èyí tí wọ́n fi pupa kun ibi tí Republican ti wọlé, tí wọ́n fi búlúù kun ti Democrat. Mo dé ìpínlẹ̀ Wyoming. Pupa ni gbogbo ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da epo sí i. Kò tiẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti dìbò fún Trump tó bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 72 nínú 100. Àmọ́ ní igun òkè lápá ìwọ̀-oòrùn, búlúù kan jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó ṣìlé wọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Teton County ni wọ́n pè é (káúntì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), Jackson ni ìlú ẹ̀. Harris ló mú un. Mo wo 2020, Biden ni. 2016, Hillary. Mo ń lọ sẹ́yìn, Democrat ni ṣáá títí mo fi dé 2004. Mo wá yẹ ìlú náà wò, wọ́n ní ibi ìgbafẹ́ àwọn olówó ni, pé owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ju ti káúntì yòówù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, pé orí yìnyín ni wọ́n ti ń yọ̀ bí ọmọdé.

Èmi tí mo gbọ́n tèmi láti Mọ́kọ́lá, ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ olówó ni Republican. Kí wá ni olówó ń wá lọ́dọ̀ Democrat? Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Baba Ràṣídì Onítírélà

Àkàndé, o káre. Mo ti kó ẹrù dé Jackson lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Orí I-80 ni mo ti ń bọ̀, mo yà ní Rock Springs, mo gba 191 lọ sókè. Tí o bá ń sún mọ́ Pinedale, ohun tí wàá máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni iṣẹ́ gáàsì. Pápá Jonah ń bẹ níbẹ̀, Pinedale Anticline ń bẹ níbẹ̀. Mo wọ ilé oúnjẹ kan, gbogbo bàtà tó wà lábẹ́ tábìlì ló ní ẹrẹ̀ lára. Àwọn ọkùnrin yẹn ń jẹun kíákíá, wọ́n ń wo aago. Mo kúrò níbẹ̀, kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, mo dé Jackson. Gbàgede kan wà láàárín ìlú, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ló ní ẹnu ọ̀nà, ìwo elk, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìwo lórí ìwo, ó ga ju ènìyàn lọ. (Wọn ò pa ẹran náà o. Ọdọọdún ni ìwo ẹ̀ ń bọ́ fúnra ẹ̀, wọ́n á ṣà á nílẹ̀.) Kò sí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kan níbẹ̀. Mo ra kọ́fí kan, mo yẹ rìsíìtì wò lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé wọ́n ti ṣèèṣì ka tẹni tó wà lẹ́yìn mi mọ́ tèmi.

Sublette ni káúntì Pinedale, Republican ni wọ́n ń dì níbẹ̀ bí ẹni ń kírun. Wọ́n bá Teton pààlà. Ní tèmi, ohun tí oníkálukú ń jẹ ló ń dìbò fún. Lápá kan, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa oúnjẹ ọmọ. Lápá kejì, òkè àti ẹranko ló ń bọ́ wọn. Tí o bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, o ti ba ọjà wọn jẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Baba, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ẹranko bo ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀. Wyoming kì í gba owó orí lórí owó tó wọlé fún ènìyàn. Kò gba ti ogún náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówó New York àti California fi ń gbé àdírẹ́ẹ̀sì wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n ra ilé sí Jackson, wọ́n gba ìwé awakọ̀ ibẹ̀, wọ́n di ará Wyoming lórí ìwé. Wọ́n sì gbé ìbò tí wọ́n ti ń dì ní Manhattan dání wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sá fún owó orí Democrat, wọ́n wá ń dìbò fún Democrat níbi tí kò ti ní dùn wọ́n.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Denver

> Wọ́n sì gbé ìbò tí wọ́n ti ń dì ní Manhattan dání wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbúrò mi. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lọ́dún 2020, àwọn tó dìbò ààrẹ ní Teton lé ní 14,000. Biden kó nǹkan bí ìdá 67 nínú 100, Trump ò tó 30. Mélòó ni bílíọ́nià tó wà nínú 14,000? Ká ní igba ni wọ́n, ká tún ní gbogbo wọn dì sápá kan, ìbò igba náà ni. Ìbò olówó kì í bí ọmọ. Àwọn tó kún ojú ìbò níbẹ̀ ni tíṣà, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, àwọn tó ń mú àlejò gun òkè, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, àti àwọn tó fẹ̀yìntì tí wọ́n ta ilé ńlá níbòmíràn láti wá ra kékeré síbẹ̀.

Ìkejì, tó bá jẹ́ owó ló ń sọ ibi ìgbafẹ́ di Democrat, kí lo máa wí sí Collier County ní Florida, níbi tí Naples wà? Olówó pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn etíkun wọn. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tí Trump jáde, òun ló mú un.

Àwọn tó ń ṣe bíi Teton ni ibi ìgbafẹ́ orí òkè. Blaine County ní Idaho, níbi Sun Valley. Summit County ní Utah, níbi Park City. Pitkin ní Colorado wa níbí, níbi Aspen. Hillary mú gbogbo wọn ní 2016. Nínú káúntì 44 tó wà ní Idaho, méjì péré ló rí mú, Blaine sì jẹ́ ọ̀kan. Ní Utah náà méjì ni, Summit wà níbẹ̀. Owó ń bẹ ní Naples, owó ń bẹ ní Jackson. Torí náà ẹ wá nǹkan míì.

Ohun tí Àkàndé tiẹ̀ fojú fò ni 2004 yẹn. Ó ní Democrat ni títí ó fi dé 2004. Ní 2000, ìbò tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́? Republican ni! Reagan mú Teton ní 1984. Bush mú un ní 2000, nǹkan bí 52 sí 38, Nader, òǹdíje ẹgbẹ́ kẹta, náà sì rí tiẹ̀ fà ya. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀, Kerry ti Democrat fi nǹkan bí 53 sí 45 gbà á lọ́wọ́ Bush kan náà. Káúntì 23 ló wà ní Wyoming, Teton nìkan ni Kerry rí mú.

Àwọn olówó ò kó dé láàárín ọdún mẹ́rin. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Àkàndé Mọ́kọ́lá

Àǹtí, ẹ má fi mí sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Denver

Mo wà níbi iṣẹ́ òru, ẹ ní sùúrù.

Káyọ̀dé Alárìnká

Èmi gba Teton County kọjá lọ́dún tó kọjá o, mi ò rí olówó kankan. Oko ọ̀dùnkún ni mo rí lọ títí, àti ilé onígi, àti àwọn ènìyàn tó ń wakọ̀ tó ti pẹ́. Àbí oko ọ̀dùnkún ni ẹ̀ ń pè ní ibi ìgbafẹ́?

Bísí Idaho

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Teton County méjì ló wà, wọ́n fara kan ara wọn. Èyí tí ẹ gbà kọjá, ti Idaho ni, níbi Driggs àti Victor. Ti Wyoming wà lódìkejì òkè. Mo mọ méjèèjì dáadáa ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí ọ̀kan ni mo ń sùn sí, èkejì ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Láti 2019 ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jackson. Yàrá ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe, nígbà tó yá wọ́n gbé mi lọ sí kíṣìnì. Mi ò lè gbé Jackson. Nínú ilẹ̀ káúntì yẹn, nǹkan bí 97 nínú 100 ni kì í ṣe ti aládàáni, ti ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù: ọgbà Grand Teton, apá kan Yellowstone, igbó ọba, ibi ìpamọ́ elk. Ìwọ̀nba 3 tó kù ni gbogbo ayé ń dù. Ilé tí ò ní nǹkan kan nínú, ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n máa ń fi ṣàwàdà níbẹ̀ pé àwọn bílíọ́nià ti ń lé àwọn mílíọ́nià jáde. Èmi tí mi ò sí nínú méjèèjì ńkọ́?

Nítorí náà Driggs ni mo gbà. Tó bá di aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, mo ti wà níbi tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ń gbé. Nígbà òtútù, yìnyín á ti bo gíláàsì, a ò ní rí nǹkan kan, a kàn ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kérora gun Teton Pass. Òkè yẹn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8,400 lọ. Gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ló ń sùn, àfi dẹ́rẹ́bà, àfi èmi tí mo ń gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà.

Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà 2024, ọ̀nà yẹn ya lulẹ̀. Òkè ṣí nídìí, títì bá a lọ, ojú ihò ńlá ló kù. Títí di ọjọ́ 28 tí wọ́n fi la ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan, apá Swan Valley àti Alpine la ń gbà yí ká, ó lé ní wákàtí kan tí ìyẹn fi kún ìrìn kan. Àlọ nìyẹn, ẹ tún ka àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo Jackson mọ̀ pé ẹni tó ń se oúnjẹ wọn, tó ń kọ́ ọmọ wọn, tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, òdìkejì òkè ló ń sùn.

Kí ni mo ń fà bọ̀? Pé kò sẹ́ni tó lè dìbò ní Wyoming nínú àwa tí a wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Tí ẹnìkan bá tiẹ̀ ní ìwé ọmọ onílùú nínú wa, Idaho ló ti máa dì í.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ó ti yé mi. Bí ẹni ń gbé Mowé tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Èkó ló ń lo agbára ẹ̀, Ògùn ló ti ń dìbò.

Àmọ́ ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà la tún padà dé. Economic Policy Institute, ilé ìwádìí kan, ṣe ìṣirò kan lọ́dún 2018: ní agbègbè Jackson, tí wọ́n ka Teton méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ohun tó ń wọlé fún ìdá kan tó lówó jù nínú 100 jẹ́ ìlọ́po 132 ohun tó ń wọlé fún àwọn 99 yòókù, ní ìpíndọ́gba. Kò síbi tí àlàfo yẹn ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Bísí Idaho

Mo wà nínú 99 yẹn, bọ̀dá mi, wọ́n kà mí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Denver

Mo ti dé. Mo ti jẹ ẹ̀kọ, mo ti na ẹsẹ̀.

Àkàndé, ṣé o mọ Dick Cheney, olóògbé, igbákejì ààrẹ Bush? Tí o bá fẹ́ mọ ìtàn ìbò Teton, tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn, ó máa mú ẹ dé gbogbo ibi tó yẹ kó o dé.

Texas ni Cheney ń gbé ní 2000, Dallas, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo Halliburton. Bush náà, gómìnà Texas ni. Òfin Amẹ́ríkà ò gba kí àwọn aṣojú tó ń dìbò ààrẹ láti ìpínlẹ̀ kan yan ààrẹ àti igbákejì tí àwọn méjèèjì jẹ́ ará ìpínlẹ̀ wọn. Aṣojú Texas pọ̀ jù láti pàdánù. Ni Cheney bá wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Jackson ní oṣù keje 2000, ó lọ sí ọ́fíìsì káúntì, ó forúkọ sílẹ̀ pé Teton County ni òun ti ń dìbò. Ìrìn ọjọ́ kan ló tú àṣírí ẹni tí Bush fẹ́ mú. Teton sì dìbò fún un lọ́dún yẹn.

Wọ́n wọ ilé ìjọba. Cheney ló darí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọ̀rọ̀ epo àti gáàsì. Àwọn kànga tí Baba Ràṣídì rí ní Pinedale, àsìkò yẹn ni wọ́n pọ̀ bí olú. Wọ́n tún fẹ́ wọ igbó Wyoming Range. Ìjọba Clinton ti pinnu pé ọkọ̀ orí yìnyín aláriwo ò gbọ́dọ̀ wọ Yellowstone mọ́, ìjọba Bush yí i padà. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ̀yìnkùlé Jackson ló ń ṣẹlẹ̀. Mi ò ní sọ pé èyí nìkan ni, ogun Iraq wà níbẹ̀, àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ sì ń kó wọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fi omi mímu rẹ àti òkè tí o fi ń pe àlejò ta tẹ́tẹ́, o ò ní dìbò fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ní 2004, káúntì tí igbákejì ààrẹ fúnra ẹ̀ ti ń dìbò kẹ̀yìn sí i.

Kì í ṣe Democrat nìkan ló bínú o. Sẹ́nétọ̀ Republican méjì, Craig Thomas, nígbà tó kú, John Barrasso, ló ta kú pé wọn ò gbọ́dọ̀ wa epo ní Wyoming Range. Òfin yẹn dúró ní 2009.

Baba Ràṣídì Onítírélà

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Ìyẹn ló ṣàlàyé ohun tí mo rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé àwọn ará Jackson fẹ́ràn ọgbà ìjọba yẹn láti ilẹ̀ ni? Àwọn darandaran ni wọ́n tẹ́lẹ̀, darandaran kì í sì í fẹ́ kí ìjọba ní ilẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Denver

Rárá o! Wọ́n jà á bí ẹni ja ogun ilẹ̀. Ọgbà Grand Teton tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, òkè àti àwọn adágún ẹsẹ̀ òkè ló kó, kò kó pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀. Rockefeller kékeré, John D., ọmọ olówó epo yẹn, wá dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí kò fi orúkọ ara ẹ̀ pè, Snake River Land Company, ó ń ra oko lọ́wọ́ àwọn darandaran, wọn ò mọ̀ pé òun ni. Ó ra ju 30,000 éékà lọ. Nígbà tí àṣírí tú, inú bí gbogbo ìlú. Ààrẹ Roosevelt wá fi àṣẹ ara ẹ̀ sọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà di ilẹ̀ ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1943. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn darandaran gbé ìbọn, wọ́n da màlúù wọn gba àárín ilẹ̀ náà kọjá láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Wallace Beery, òṣèré sinimá, wà pẹ̀lú wọn lórí ẹṣin.

Ọ̀kan nínú àwọn tó da màlúù yẹn ni Clifford Hansen, ó wà nínú ìgbìmọ̀ káúntì nígbà náà. Ó padà di gómìnà Wyoming, ó di sẹ́nétọ̀, Republican ni. Nígbà tó dàgbà, ó jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀ pé òun ṣìnà, pé inú òun dùn pé àwọn pàdánù ìjà yẹn. Wọ́n da èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ọgbà ní 1950. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé kò sí ààrẹ tó tún lè fi àṣẹ ara ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ mọ́ ní Wyoming láìjẹ́ pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí i. Òfin yẹn wà títí dòní.

Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ìbọn gbà lọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n padà fi ìbò gbèjà. Ọjà ló yí padà láàárín, màlúù lọ, àlejò dé.

Rónkẹ́ Òǹkàwé

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ní kí n bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn obìnrin Wyoming ti ní ẹ̀tọ́ ìbò láti 1869, kí ó tó di ìpínlẹ̀ rárá. Ní Jackson, ní 1920, obìnrin ló wọlé sí gbogbo ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, Grace Miller ni olórí wọn. Kì í ṣe Democrat ló gbé èyí wá, kì í ṣe olówó. Orí wọn kàn le láti ilẹ̀ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo gba ti Cheney, ó dùn. Àmọ́ ẹ sọ fún mi: tó bá jẹ́ nítorí igbó ni, kí ló dé tí ìdá Democrat tún ń ga sí i lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ epo ti rọlẹ̀? Obama kó nǹkan bí 61 ní 2008, ó já sí 54 ní 2012, Hillary kó 58, Biden 67. Elk náà ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Denver

Trump ni. Wo 2016 dáadáa: Hillary 58, Trump 31. Níbo ni 11 tó kù lọ? Mo rò pé àwọn Republican tó ń gbé ibẹ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀, irú àwọn tó dìbò fún Romney ní 2012. Wọ́n ò fẹ́ Hillary, wọn ò fẹ́ Trump, wọ́n wá ibòmíràn dì í sí. Ní 2020, ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú 11 yẹn gba ọ̀dọ̀ Biden lọ. Republican olówó, tó kàwé, tó fẹ́ràn owó orí kékeré ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ariwo.

Tí o bá fẹ́ ẹ̀rí, wá sí 2022. Liz Cheney, ọmọ Dick, ń ṣojú Wyoming ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ó dìbò pé kí wọ́n yọ Trump nípò lẹ́yìn rògbòdìyàn ilé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní oṣù kìíní 2021. Trump gbé Harriet Hageman dìde sí i nínú ìdìbò abẹ́lé Republican. Hageman na Liz nàkunà, nǹkan bí 66 sí 29. Teton àti Albany, níbi tí yunifásítì wọn wà, nìkan ni Liz mú nínú káúntì 23. Ní Teton, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ló dì í fún un. Ìtòsí Jackson ló ti dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú oko kan, òkè Teton lẹ́yìn ẹ̀, tó sọ fún aráyé pé òun ti fìdí rẹmi.

Bàbá wọlé níbẹ̀ ní 2000, wọ́n kẹ̀yìn sí i ní 2004, wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ ní 2022. Ní 2024, bàbá àtọmọ sọ ọ́ ní gbangba pé Harris làwọn máa dì í fún. Ẹ sọ fún mi, ta ló rìn lọ bá ta?

Bísí Idaho

Àǹtí, ẹ ò ní gbàgbé pé àwọn Democrat Jackson kan yí ìforúkọsílẹ̀ wọn padà sí Republican kí wọ́n lè dì í fún Liz lọ́jọ́ yẹn. Òfin gbà á nígbà náà. Kò dùn mọ́ àwọn yòókù ní Wyoming nínú, ni wọ́n bá fi òfin dí i ní 2023. Tí ìforúkọsílẹ̀ àwọn òǹdíje bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, o ò lè yí ẹgbẹ́ padà mọ́ títí ìdìbò abẹ́lé á fi parí.

Káyọ̀dé Alárìnká

Ẹ dárí jì mí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún. Àmọ́ gbogbo ariwo yìí, kí ni ìbò Teton ń dá dúró? Ní 2020, Trump fi nǹkan bí 120,000 lé Biden ní Wyoming. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ẹni tó dìbò ní Teton dì í fún Biden, aṣojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Wyoming ní láti dìbò ààrẹ, Trump ló máa kó wọn. Láti ìgbà Johnson ní 1964, Democrat kankan ò rí ìkankan mú níbẹ̀.

Baba Ràṣídì Onítírélà

Òótọ́ lo sọ. Fún ààrẹ, òfo ni. Àmọ́ àwọn kan náà ló ń dìbò fún ìgbìmọ̀ káúntì, tó ń pinnu ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí àti ẹni tó máa gbé inú ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà fún Bísí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn! Wọ́n fẹ́ràn tálákà lórí ìwé ìbò, àmọ́ kó má wá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Alábòójútó

Ọmọ Ìjẹ̀bú, rọra. Kò sẹ́ni tó bú ẹ.

Bísí Idaho

Kò bú ẹnikẹ́ni jàre, ẹ fi í sílẹ̀. Ó sọ díẹ̀ nínú òótọ́. Mo rí àwọn tó jà fún ilé òṣìṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní ìpàdé títí ohùn wọn fi há. Mo tún rí ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ẹnìkan kì í sùn nínú ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lọ́dún, tí iná ẹ̀ ń jó sílẹ̀ ní gbogbo òru nígbà tí bọ́ọ̀sì wa bá ń kọjá. Pátákó ìbò Biden wà níwájú ẹ̀.

Àkàndé Mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wá nítorí àwọ̀ kan lórí máàpù, mo ti gba ìtàn màlúù, ti epo, ti bàbá àti ọmọ. Ìbéèrè kan ló kù, Àǹtí Bísí ni mo fẹ́ bi í. Nínú gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣé ẹ mọ ẹni tí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín dìbò fún?

Bísí Idaho

Àbúrò mi, a kì í bi ara wa. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ ìbò 2020. Àwa mọ́kànlá la wà ní kíṣìnì lọ́jọ́ yẹn: ará Mexico mẹ́rin, ará Jamaica méjì, ọmọ Ukraine kan, èmi, àwọn ọmọ Idaho méjì, àti ọ̀gá àsè wa tó ní ilé sí Wilson nítòsí Jackson, ogún tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá jáde fún ogójì ìṣẹ́jú, ó padà wá, ó fi sítíkà "Mo ti dìbò" lẹ ápúrọ́nù ẹ̀ láyà. Ọmọkùnrin Mexico kan tó ń fọ abọ́ bi í pé ṣé ó lè bá òun mú ọ̀kan wá. Ọ̀gá ní wọn kì í fún èèyàn ní méjì. Ó yọ tiẹ̀, ó fi lẹ̀ ẹ́ láyà. Nígbà tí a fi máa ṣíwọ́ lálẹ́, omi ọṣẹ ti ra á.